Èrè Nìkan Kọ́, Èlé Ni: Èdè Yorùbá àti Wíwọn Ìmọ́lẹ̀ Inú Lésà Onígáàsì

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní à ń pe gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹyẹ àkókò ń yọjú. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ èdè abínibí àti ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì mu ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Nígbàkígbà tí ìbéèrè bá dìde pé ǹjẹ́ èdè Yorùbá lè gbé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì òde òní, ẹgbẹ́ méjì ni ó máa ń sáré wá dáhùn. Ẹgbẹ́ kìíní a ní kò ṣeé ṣe, nítorí pé èdè náà kò ní ọ̀rọ̀ fún un. Ẹgbẹ́ kejì a ní ó ṣeé ṣe, wọn a sì gbé ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ kalẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí: ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní apá òsì, ọ̀rọ̀ Yorùbá ní apá ọ̀tún. Bí ẹgbẹ́ méjèèjì ṣe ń ta ko ara wọn tó yìí, àṣìṣe kan náà ni wọ́n jọ ń ṣe. Àwọn méjèèjì gbà pé àkójọ orúkọ ni ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ wíwọ̀n ni. Èdè tí ó bá lè ròyìn bí wọ́n ṣe wọn nǹkan kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí ó sì lè tú àṣìṣe inú ìwọ̀n náà síta, ti gbé ìmọ̀ náà. Èyí tí kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ kò tíì gbé e, bí ó tilẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀ nínú ìwé atúmọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fọwọ́ sí ìlànà kan tí ó ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, lẹ́yìn ọdún mẹ́ta péré, ìjọba kéde pé wọ́n ti wọ́gi lé ìlànà náà, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ ọmọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé yunifásítì. Ìkéde yìí rí àwọn tí ó ṣàtìlẹ́yìn fún un, àwùjọ tí ó sì tẹ́wọ́ gbà á kò ṣẹ̀yìn èrò ẹgbẹ́ kìíní. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ kejì náà ní ìpín tirẹ̀ nínú ẹ̀bi, nítorí pé ìwé atúmọ̀ tí wọ́n ń gbé kalẹ̀ láti ọdún yìí wá kò lè dá ẹnikẹ́ni tí ó bá ń ṣiyè méjì lójú. Ta ni yóò rí àkójọ orúkọ tí yóò gbà pé èdè ti ń ṣiṣẹ́?

Kí àríyànjiyàn má baà di ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, ó yẹ kí wọ́n dán an wò lórí ohun tí ó jìnnà sí oko àti ilé ìdáná. Bí ènìyàn bá fi bí àgbàdo ṣe ń hù ṣe ẹ̀rí, alátakò yóò ní èyí tí ó rọrùn ni ó mú. Nítorí náà, wíwọn bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí i nínú lésà onígáàsì ni yóò jẹ́ òṣùwọ̀n níhìn-ín. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé ìyẹn wà nínú àṣà ìbílẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Lésà onígáàsì jẹ́ ọ̀pá gíláàsì tí wọ́n fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, tí wọ́n sì fi ìwọ̀nba gáàsì mìíràn rọ́pò rẹ̀. Bí iná mànàmáná bá ń gba inú gáàsì náà kọjá, gáàsì náà a máa tàn, bí àwọn iná pupa tí wọ́n fi ń kọ orúkọ sí iwájú ilé ìtajà. Títàn yìí nìkan kò sọ ọ́ di lésà. Átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan ní àwọn àtẹ̀gùn agbára tí ó lè dúró lé. Bí ìtànṣán tí ó bá a mu bá kan átọ́ọ̀mù tí ó wà ní àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀, átọ́ọ̀mù náà a gbé e mì, a sì gòkè. Bí ó bá kan èyí tí ó wà ní àtẹ̀gùn òkè, a pè é sọ̀kalẹ̀, èyí tí a pè náà a sì tú ìmọ́lẹ̀ tí ó jọ ti ẹni tí ó pè é ní gbogbo ọ̀nà sílẹ̀. Albert Einstein ni ó fi ìṣirò fi ìdí èyí múlẹ̀ ní ọdún 1916 àti 1917. Bí àwọn tí ó wà ní òkè bá pọ̀ ju àwọn tí ó wà ní ìsàlẹ̀ lọ, ìtànṣán tí ó wọlé yóò jáde pẹ̀lú àfikún. Nígbà tí àwọn onímọ̀ físíìsì tí ń sọ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ sọ àfikún yìí lórúkọ, wọn kò wá ọ̀rọ̀ tuntun lọ sí ojú ọ̀run. Ọ̀rọ̀ tí olówò ń lò fún ohun tí ó kù sí i lọ́wọ́ lẹ́yìn títà ni wọ́n mú. Ọjà ni wọ́n ti gbé e.

Ẹni tí ó bá ń sọ pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ó lè gbé irú ìmọ̀ yìí kò ka ìtàn rẹ̀. Ní ọdún 1928, ní ìlú Berlin, Rudolf Ladenburg àti Hans Kopfermann ń fi iná mànàmáná sínú gáàsì neon, wọ́n sì ń wọn bí gáàsì náà ṣe ń tẹ ìmọ́lẹ̀. Wọ́n rí i pé bí iná ṣe ń pọ̀ sí i, agbára gáàsì náà láti tẹ ìmọ́lẹ̀ pọ̀ títí dé ibì kan, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù, nítorí pé àwọn átọ́ọ̀mù ti ń kóra jọ sí àtẹ̀gùn òkè. Èdè Jámánì ni wọ́n fi kọ ìròyìn náà. Ní ìlú Moscow, Valentin Fabrikant sọ ọ́ nínú iṣẹ́ ìwádìí oyè rẹ̀ ní ọdún 1939 pé gáàsì tí iná ń gbà kọjá lè sọ ìmọ́lẹ̀ di púpọ̀ bí àwọn átọ́ọ̀mù òkè bá ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Èdè Rọ́ṣíà ni òun fi kọ tirẹ̀. Àwọn èdè wọ̀nyí kò kọ́kọ́ jókòó kó ọ̀rọ̀ jọ kí wọ́n tó wọn nǹkan. Wọ́n wọn nǹkan, ọ̀rọ̀ sì tẹ̀lé e.

Kódà nígbà tí iṣẹ́ náà dé Amẹ́ríkà, orúkọ kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀. Gordon Gould ti kọ ọ̀rọ̀ náà, lésà, sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1957, ṣùgbọ́n orúkọ mìíràn ni àwọn tí ó wà ní ilé iṣẹ́ ìwádìí Bell Labs ń lò. Ibẹ̀, ní ìlú Murray Hill ní ìpínlẹ̀ New Jersey, ni Ali Javan, ọmọ Tehran ní orílẹ̀-èdè Iran, pẹ̀lú William Bennett àti Donald Herriott, ti mú lésà onígáàsì àkọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ kejìlá oṣù kejìlá ọdún 1960. Nígbà tí wọ́n tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde ní ọdún 1961, wọn kò pè é ní lésà nínú àkọlé rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ti ń jáde nínú ọ̀pá kí àwọn tí ó ṣe é tó fẹnu kò lórí orúkọ.

Ó yẹ kí olùkọ́ èdè mọ bí ọ̀pá náà ṣe rí, nítorí pé inú àwọn ìwọ̀n rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 80, fífẹ̀ inú rẹ̀ sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 1.5. Ìfúnpá helium inú rẹ̀ jẹ́ tọ́ọ̀ 1, ti neon jẹ́ tọ́ọ̀ 0.1, afẹ́fẹ́ tí ènìyàn ń mí sínú jẹ́ bí i tọ́ọ̀ 760. Helium ni alágbàtà. Àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù inú iná a kọlu helium, wọn a sì gbé e dé àtẹ̀gùn kan tí kì í tètè lè sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí helium yìí bá forí gbá neon, a gbé ẹrù agbára rẹ̀ lé e lọ́wọ́, neon a sì bá ara rẹ̀ ní òkè. Ìmọ́lẹ̀ tí ó jáde ní ọjọ́ náà kò ṣeé fojú rí. Gígùn ìgbì rẹ̀ tí ó lágbára jù jẹ́ máíkírómítà 1.15. Ìmọ́lẹ̀ pupa tí gbogbo ènìyàn mọ̀ mọ irú ọ̀pá yìí, ti nánómítà 632.8, di ọdún 1962 kí Alan White àti Dane Rigden tó rí i.

Ní ìkángun méjèèjì ọ̀pá ti Javan, dígí wà tí ó ń dá 98.9 padà nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ tí ó bá kàn án. Níbi yìí ni ìṣirò ọjà ti bẹ̀rẹ̀. Nígbàkígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá kan dígí, 1.1 nínú ọgọ́rùn-ún ti lọ. Bí gáàsì inú sẹ̀ǹtímítà 80 kò bá lè dá ju 1.1 padà nínú ọgọ́rùn-ún nígbà kọ̀ọ̀kan tí ìmọ́lẹ̀ bá là á kọjá, gbèsè ni yóò parí sí, lésà kò sì ní tàn láé. Èyí ni ó fà á tí wíwọ̀n fi jẹ́ ọ̀rọ̀ ìyè àti ikú fún ọ̀pá náà. Nínú ọ̀pá kékeré tí ń tan pupa, gbogbo àfikún náà kì í ju ìdá díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹni tí kò bá lè wọn ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún kò lè mọ̀ bóyá òun ń jèrè tàbí òun ń pàdánù.

Báwo ni wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n? Wọn a mú lésà kékeré kan tí ń tan àwọ̀ kan náà, wọn a darí ìtànṣán rẹ̀ gba inú ọ̀pá tí wọ́n fẹ́ wọ̀n kọjá. Ọ̀pá tí wọ́n ń wọ̀n yìí kò ní dígí tirẹ̀. Ní òdìkejì, wọn a gbé ẹ̀rọ tí ń wọn ìmọ́lẹ̀ kalẹ̀. Wọn a kọ́kọ́ pa iná inú ọ̀pá, wọn a ka iye ìmọ́lẹ̀ tí ó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ. Wọn a tan iná, wọn a tún un kà. Ìyàtọ̀ iye méjèèjì ni ohun tí gáàsì fi kún un. Lójú ẹni tí kò mọ̀, ọ̀rọ̀ ti parí. Ní tòótọ́, àṣìṣe mẹ́ta ni ó ti dúró dè é.

Àkọ́kọ́ ni pé ọ̀pá náà fúnra rẹ̀ ń tàn. Bí wọ́n bá tan iná inú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tí gáàsì ń tú sí ibi gbogbo láìjẹ́ pé ohunkóhun pè é yóò bọ́ sójú ẹ̀rọ. Ẹni tí ó bá ka ìyẹn mọ́ àfikún dà bí ìyálọ́jà tí ó ka owó àjọ tí wọ́n fi pamọ́ sí i lọ́wọ́ mọ́ èrè ọjà. Ọ̀nà àbáyọ ni pé wọn a fi àwo olóhò tí ń yí gbirigbiri sí iwájú lésà kékeré náà kí ìtànṣán rẹ̀ máa ṣẹ́jú ní ìwọ̀n kan pàtó, wọn a sì ṣe ẹ̀rọ náà kí ó jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ tí ń ṣẹ́jú bẹ́ẹ̀ nìkan ni yóò máa kà. Èkejì ni pé lésà kékeré náà kì í dúró déédéé. Bí ó bá gbọ̀n ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún láàárín ìgbà tí wọ́n pa iná àti ìgbà tí wọ́n tàn án, tí àfikún tí wọ́n ń wá sì jẹ́ ìdá méjì, ìdajì ìwọ̀n wọn ti di irọ́. Nítorí náà, wọn a yà díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú ìtànṣán náà kí ó tó wọ ọ̀pá, wọn a sì fi ẹ̀rọ kejì ṣọ́ ọ. Ẹ̀kẹta ni pé ìtànṣán tí ó wọlé kò gbọdọ̀ lágbára jù. Iye átọ́ọ̀mù tí ó wà ní òkè ní òpin. Bí ìmọ́lẹ̀ tí ń pè wọ́n sọ̀kalẹ̀ bá pọ̀ ju bí iná ṣe ń gbé àwọn mìíràn gòkè lọ, àfikún yóò rẹ̀wẹ̀sì, ẹni tí ń wọ̀n yóò sì rò pé gáàsì náà kò dára.

Kí olùkà ṣàkíyèsí pé gbogbo àlàyé yìí ni èdè Yorùbá gbé láìbẹ̀bẹ̀. Àwọn orúkọ tí ó yá, bí i átọ́ọ̀mù, helium àti lésà, kò ju ìwọ̀nba lọ. Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀, ìyẹn pè, gbé mì, gòkè, sọ̀kalẹ̀, ṣẹ́jú, ṣọ́, rẹ̀wẹ̀sì, ni wọ́n ṣe iṣẹ́ náà. Ọ̀rọ̀-ìṣe kò sì wọ́pọ̀ nínú àwọn ìwé atúmọ̀ tí wọ́n ń tò ní apá òsì àti apá ọ̀tún. Àbùkù ńlá àkọ́kọ́ wọn nìyẹn.

Àbùkù kejì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé atúmọ̀ a máa mú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, a wá ọ̀rọ̀ Yorùbá kan fún un, ó parí. Ẹni tí ó bá ti wọn ìmọ́lẹ̀ rí mọ̀ pé ohun méjì ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo yẹn ń dúró fún. Wọ́n ń lò ó fún gbogbo ohun tí ó fi kún ìmọ́lẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀pá dé òpin rẹ̀. Wọ́n tún ń lò ó fún ìwọ̀n tí gáàsì fi ń bù kún ìmọ́lẹ̀ ní mítà kọ̀ọ̀kan. Ọ̀tọ̀ ni àwọn méjèèjì. Ọjà Yorùbá sì ti ní orúkọ méjì fún wọn kí lésà tó dé ayé: èrè àti èlé. Èrè ni ohun tí ó kù nígbà tí wọ́n bá yọ ojú owó kúrò nínú gbogbo owó. Èlé ni iye tí wọ́n ń bù lé orí ojú owó ní ìgbà kọ̀ọ̀kan tí àdéhùn bá pé. Bí wọn kò bá san èlé, tí wọ́n ń dà á pọ̀ mọ́ ojú owó, èlé a máa gun orí èlé.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìmọ́lẹ̀ rí nínú ọ̀pá. Bí gáàsì bá ń fi mẹ́wàá kún ọgọ́rùn-ún ní mítà kan, 100 di 110 ní òpin mítà kìíní. Ní mítà kejì, kì í ṣe orí 100 ni yóò ti bù ú. Orí 110 ni, yóò sì di 121. Ní òpin mítà mẹ́wàá, ẹni tí ó rò pé èrè lásán ni yóò retí 200. Ohun tí yóò bá níbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 259. Akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n kọ́ pé àlékún ni ọ̀rọ̀ náà ń jẹ́, tí wọn kò sọ fún un pé èyí tí ń gun orí ara rẹ̀ ni, yóò ṣi ìṣirò ṣe, kò sì ní mọ ibi tí ó ti ṣì í. Ẹni tí ó bá ti rí ẹni tí èlé gùn ní ìlú rẹ̀ kò nílò àlàyé púpọ̀.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀ṣọ́ lásán ni ìyàtọ̀ yìí, nítorí pé ọ̀nà ìwọ̀n kan wà tí ó dúró lé e lórí pátápátá. Lésà onígáàsì nitrogen, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nánómítà 337, ní èlé tí ó ga débi pé kò fi dandan nílò dígí. Ìmọ́lẹ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ ní ìkángun kan ti di púpọ̀ kí ó tó dé ìkángun kejì. Láti wọ̀n ọ́n, wọn a ka ìmọ́lẹ̀ tí gbogbo gígùn ọ̀pá mú jáde, wọn a tún ka èyí tí ìdajì rẹ̀ mú jáde. Bí kò bá sí èlé rárá, gbogbo rẹ̀ yóò jẹ́ ìlọ́po méjì ìdajì. Bí ó bá jẹ́ ìlọ́po márùn-ún ńkọ́? Ìdajì tí ó sún mọ́ ẹ̀rọ mú ọ̀kan wá. Mẹ́rin tí ó kù wá láti ìdajì ẹ̀yìn, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ gba inú ìdajì iwájú kọjá. Ìtumọ̀ èyí ni pé ìdajì ọ̀pá ń sọ ọ̀kan di mẹ́rin, níwọ̀n ìgbà tí agbára gáàsì kò bá tíì rẹ̀. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama tí ó mọ èlé orí èlé lè ṣe ìṣirò náà. Kò sí ìwé atúmọ̀ tí ó lè kọ́ ọ ní èyí.

Yorùbá sì ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ọ̀nà mìíràn wà tí kì í wọn èrè rárá, tí ó jẹ́ àdánù ni ó ń wọ̀n. Wọn a fi gíláàsì pẹlẹbẹ kan sí àárín dígí lésà tí ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Bí wọ́n bá dá gíláàsì náà dúró ní ìdà kan pàtó, fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ìmọ́lẹ̀ ni yóò là á kọjá. Bí wọ́n bá ń yí i díẹ̀díẹ̀ kúrò níbẹ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìmọ́lẹ̀ nù, iye tí ó ń tà nù sì ṣeé fi ìṣirò mọ̀. Ní ìgbà tí ó bá ku díẹ̀, lésà á ṣì máa tàn. Ní ojú ibi tí ó bá ti kú gan-an, àdánù ti bá èrè dọ́gba. Bí wọ́n bá mọ àdánù ti dígí, tí wọ́n rò ó pọ̀ mọ́ ti gíláàsì, wọ́n ti mọ èrè. Bí iye tí ọ̀nà yìí mú wá àti ti ìtànṣán àkọ́kọ́ kò bá bára mu, ẹnìkan ti ṣì í wọ̀n, wọn yóò sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ó yẹ kí wọ́n sọ òótọ́ níhìn-ín pé àfiwé ọjà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Èlé owó kì í dínkù nítorí pé ojú owó pọ̀. Èlé ìmọ́lẹ̀ a máa dínkù, gẹ́gẹ́ bí ó ti hàn lókè. Kì í sì í ṣe bí iná bá ṣe pọ̀ tó ni èlé ṣe ń pọ̀ tó. Nínú ọ̀pá helium àti neon, èlé a gòkè bí iná ṣe ń gòkè, a dé góńgó, lẹ́yìn náà a bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, nítorí pé àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tí ó pọ̀ jù a máa ba iṣẹ́ helium alágbàtà jẹ́, wọn a sì máa gbé neon sí àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀ tí kò yẹ kí ó pọ̀ sí. Bákan náà ni ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ ń mú èlé wá ju ọ̀pá gbàǹgbà lọ, nítorí pé ara ògiri ọ̀pá ni neon tí ó ti ta ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tán ti ń padà sí ìpìlẹ̀. Eugene Gordon àti Alan White ṣe àlàyé òfin èyí ní ọdún 1963. Àwọn ibi tí àfiwé ti já wọ̀nyí kì í ṣe àbùkù fún èdè. Olùkọ́ tí ó bá fi èlé bẹ̀rẹ̀, tí ó sì sọ ibi tí èlé ìmọ́lẹ̀ ti yàtọ̀ sí èlé owó, ti kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní físíìsì. Ẹni tí ó bá fún un ní orúkọ tí kò jọ ohunkóhun kò ní ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn alátakò yóò ní ohun mẹ́ta láti sọ. Wọn yóò kọ́kọ́ sọ pé àwọn ọ̀rọ̀ àyálò bí i lésà àti helium jẹ́ ẹ̀rí pé èdè náà kò tó. Bí ìyẹn bá jẹ́ ẹ̀rí, Gẹ̀ẹ́sì náà kò tó, nítorí pé láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì fún oòrùn ni orúkọ helium ti wá. Èdè Jámánì àti ti Rọ́ṣíà gba orúkọ lésà wọlé, kò sì sí ẹni tí ó sọ pé àwọn èdè náà ti kú. Orúkọ lè wọlé bí àlejò. Bí àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe ilé bá ń ṣiṣẹ́, àlejò kò lè gba ilé.

Wọn yóò tún sọ pé Gẹ̀ẹ́sì ni ìdánwò, Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀. Òótọ́ ni, kò sì sí ẹni tí ó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ má kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ ìwádìí tí Babs Fafunwa ṣe agbátẹrù rẹ̀ ní Ifẹ̀ láti ọdún 1970, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò fún ọdún mẹ́fà, tí wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀, ti dáhùn ìbéèrè yìí tipẹ́: àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí ó bani nínú jẹ́ ni pé àwọn tí wọ́n wọ́gi lé ìlànà ọdún 2022 ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé kò sí irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ rí.

Lákòótán, wọn yóò ní kò sí ọ̀pá, kò sí ẹ̀rọ, kò sí iná tí ó dúró déédéé ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́. Èyí ni àtakò tí ó lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀ jù. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ọ̀pá, Gẹ̀ẹ́sì náà kò ní rí ohun tí yóò wọ̀n. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò kàn máa há ọ̀rọ̀ àjèjì sórí nípa iṣẹ́ tí kò rí rí, èyí tí ó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́ nìyẹn. Kí wọ́n má ṣe gbé ẹ̀bi àìsí ẹ̀rọ lé èdè lórí.

Ohun tí ó kù jẹ́ ti àwọn onímọ̀ èdè àti olùkọ́ èdè. Kí wọ́n dáwọ́ dúró ná lórí títò ọ̀rọ̀ sí òsì àti ọ̀tún. Kí wọ́n lọ jókòó ti àwọn onímọ̀ físíìsì níbi tí ọ̀pá ti ń tàn, kí wọ́n béèrè ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe, ohun tí wọ́n ń ṣe tẹ̀lé e, àti ohun tí ó máa ń bà á jẹ́. Kí wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ní Yorùbá gẹ́gẹ́ bí ìlànà iṣẹ́. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fi ìwé náà lé akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá wọn jókòó lọ́wọ́, kí ó lọ wọ̀n ọ́n. Bí iye tí ó mú bọ̀ bá bá tiwọn mu, ọ̀rọ̀ wọn dára. Bí kò bá bá a mu, kí wọ́n wá ọ̀rọ̀ tí ó ṣì í lọ́nà, kí wọ́n yí i padà. Bí wọ́n ṣe ń dán òṣùwọ̀n wò lọ́jà nìyẹn: ìyá oníyangan kì í fi ẹnu sọ pé kóńgò òun péye, wọ́n a máa wọ̀n ọ́n lójú oníbàárà ni.

Iṣẹ́ náà kò ní yá. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ìlànà ìwọ̀n kan ní ọdún yìí, méjì ní ọdún tí ń bọ̀. Èyí tí wọ́n bá kọ́kọ́ kọ yóò mú kí èyí tí ó tẹ̀lé e rọrùn, èyí tí ó tẹ̀lé e yóò sì gun orí ti ìṣáájú. Èdè tí ó bá ń pọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní béèrè lọ́wọ́ ìjọba kankan bóyá òun lè gbé ìmọ̀. Yóò ti gbé e.